Èmi Ni Mo Da Kòkó Narcisa Lú

Mo gbé pákó ìgékòkó tí a fi ń la hóró wò sórí tábìlì, mo fi aṣọ gbígbẹ nu abẹ rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo wá gun àga, mo na ọwọ́ sí pẹpẹ òkè níbi tí àwọn ìgò ẹgbẹ́ máa ń wà. Gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ kòkó La Resbalosa ló jókòó sí àgbàlá ìsákòkó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín kí n tó dìde, nítorí pé Narcisa Cercado ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ sókè ni, ó ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ rán òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ní ìlú ńlá Guayaquil. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìgò rẹ̀ ni mo gbé sọ̀kalẹ̀, ìgò tí eruku ti bò, tí ìda orí rẹ̀ kò tíì já, ẹ̀rín náà rọ. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ yìí. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń fi iyọ̀ sí i, àwọn mìíràn ń fi ata sí i, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi bu ẹ̀bi mi kù. Bí o bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù, o lè gbé òkúta lé e, o lè jókòó lé e, ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣáà jáde. Èmi Eleuterio Bajaña, tí ẹ ń pè ní Don Tello, mánijà yín, ẹni tí ẹ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yín pé, "Ẹ wo àgbàlagbà tó fi irun funfun wọ ilé-ẹ̀kọ́," olè ni mí. Àyè obìnrin yìí ni mo jí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Mi ò parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí mo mọ̀, ojú àti ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ti tú ẹ̀rọ omi, mo ti tú rédíò, mo sì tú fíríìjì òkú kan láti mọ ohun tó ń sé òtútù mọ́ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun tó lè sé òtútù mọ́lé, á sé ooru mọ́lé pẹ̀lú. Mo bọ́ fóòmù inú ògiri fíríìjì náà, mo fi yí ẹ̀yìn àpótí onígi tí a fi ń bo kòkó ká. Tẹ́lẹ̀, kòkó àárín àpótí á kan dáadáa, ti igun á tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Láti ìgbà tí mo ti fi fóòmù sí i, igun àti àárín di ọgba. Inú mi dùn débi pé mo máa ń kàn lọ ki ọwọ́ bọ inú kòkó gbígbóná náà ni, bí ẹni ń wo ara ọmọ bóyá ibà ti lọ. Narcisa kì í tú ẹ̀rọ ní tirẹ̀. Ìwà èèyàn ló mọ̀ ọ́n tú. Ìdí òṣùwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ló ń jókòó sí, kò sì sí àgbẹ̀ tó lè purọ́ fún un. Ẹ mọ̀ pé oríṣi kòkó méjì là ń gbìn létí odò wa: kòkó àbáláyé tí èso rẹ̀ ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó máa ń rùn bí òdòdó tí a bá yan án, àti kòkó pupa, ọmọ àná, tó ń so wọ̀ǹtìwọnti ṣùgbọ́n tí kò ní òórùn kankan. Àbáláyé kì í pẹ́ nínú àpótí kí ó tó kan; kòkó pupa á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìlọ́po méjì ọjọ́ náà. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, nígbà tí ọ̀kan bá jinná èkejì á ṣì jẹ́ tútù, bí o bá sì là á, inú rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ àlùkò, á korò bí ewúro. Ní ilẹ̀ wa, o lè pe èèyàn ní ọ̀mùtí kí ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní adàkòkólú, bọ́ aṣọ rẹ, ìjà ti dé. Èrò Narcisa ni pé kí á máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí á sì máa san owó tó pé fún àbáláyé lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí tí yóò fi dà á lú. Òun náà ni ìyá ìrìbọmi Yadira ọmọ mi. Comadre ni mo ń pè é, compadre ló ń pè mí. Ẹni tó bá ṣe comadre rẹ̀ ní ibi, iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣe é.

Don Abdón Villafuerte, alága wa, ló mú ìròyìn wá. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ okòwò kan ní Guayaquil ti ní òun yóò máa gba àgbàlagbà díẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọn ò ní bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí, ohun tí o fi ọjọ́ orí náà ṣe ni wọn ó bi ọ́. Kí o ní ohun kan tí o ti yí padà síbi iṣẹ́ rẹ, kí o sì lè jókòó síwájú àwọn olùkọ́ kí o ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni agbára ẹgbẹ́ lè gbé. Èmi nawọ́, Narcisa nawọ́. Don Abdón wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọ̀dọ́ dákẹ́, àwọn tó ń wá jígí ojú kiri ló fẹ́ lọ kàwé! Ó dáa. Àpótí ló máa dájọ́." Bí a ti ń ṣe nìyẹn láti ayé bàbá wa, a kì í fi ẹnu jà tí àpótí bá wà. Kí olúkúlùkù gba àpótí kan kòkó àbáláyé, kí ó bò ó, kí ó sá a, kí á wá là á níwájú gbogbo èèyàn. Ẹni tí kòkó rẹ̀ bá dára jù, òun ni ẹgbẹ́ yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi kò ti gún régé mọ́. Mo rí Narcisa tí ó ń bá Don Abdón sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo ti sún mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Ó wá yá tẹmómítà mi, ó sì pẹ́ kí ó tó dá a padà. Yadira ní, "Bàbá, Màámi ìrìbọmi bi mí pé kíláàsì wo lẹ dúró sí ní girama." Mo ní, "Kí lo sọ?" Ó ní, "Mo ní mi ò mọ̀." Mo ní, "Tó bá tún bi ọ́, sọ pé o ò mọ̀." Ìtìjú tí mo ti fi pamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí fẹ́ tú síta, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè lé mi kúrò kí àpótí tó sọ̀rọ̀. Chindo, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó kòkó tútù wá láti oko, ló wá fi epo sí iná náà. Ó ní, "Don Tello, comadre yín tún wọ bọ́ọ̀sì ìlú ńlá lọ lánàá o. Bàtà ọjọ́ Àìkú ló wọ̀." Mo ní, "Ó lè jẹ́ dókítà ló lọ rí." Ó ní, "Dókítà wo? Mo já kòkó sí Guayaquil lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi rí i tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Obìnrin tó bá dákẹ́ báyẹn, kòtò ló ń gbẹ́. Ẹ̀yin ẹ máa jókòó, ẹ máa fi ọwọ́ wo ibà kòkó." Mo fi koríko tín-ín-rín kan dábùú ìdérí àpótí mi kí n lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ń ṣí i. Mo bá koríko náà nílẹ̀. Alángbá pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ṣé alángbá ni mo fura sí? Nígbà tí Narcisa gbé bolón gbígbóná wá fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún pọ̀ mọ́ wàràkàṣì, mo dúpẹ́, mo dúró kí ó lọ, mo sì fún ajá jẹ lára rẹ̀ ná. Ajá náà jẹ ẹ́ tán, ó wá ń wo ojú mi, ó ń jùrù, ó ń retí ìyókù. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n lára ajá yẹn.

Ẹ gbọ́ bí mo ti ṣe é, nítorí kì í ṣe ìbínú ojú ẹsẹ̀. Mo fi ọgbọ́n iṣẹ́ mi ṣe é. Bí a bá da kòkó pupa tútù yọ̀yọ̀ sínú kòkó tó ti kan, ojú á rí i: hóró tútù á funfun, èyí tó ti kan á ti pupa. Nítorí náà mo ní kí Chindo gbé àpò kòkó pupa wá láti oko àna rẹ̀, kí ó fi tapólì bò wọ́n sínú ọkọ̀ nínú oòrùn títí omi ara wọn yóò fi gbẹ, tí èèpo wọn yóò fi pa àwọ̀ dà, ṣùgbọ́n tí inú wọn kò ní tíì jinná. Chindo ní, "Ẹ̀yin Don Tello yìí, tí ẹ bá jẹ́ olè, báńkì ì bá ti ṣófo." Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín. Àṣà kan wà tó yẹ kó bà mí lẹ́rù: tí ọjọ́ kòkó inú àpótí bá ti fẹ́ pé, Don Abdón á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín rẹ̀, á sá a sórí òrùlé ara rẹ̀, á dà á sínú ìgò, á fi ìda dí i, á tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ lé e. A kì í ṣí ìgò náà àfi tí oníbàárà òkè òkun bá bá wa jà pé a ta kòkó burúkú fún òun. Mo dúró títí ó fi bu ti Narcisa. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ọkùnrin wà ní ṣọ́ọ̀bù. Narcisa bọ́ sóde pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lórí, ó rí mi, ó ní, "Compadre, ẹ ò lọ wo bọ́ọ̀lù? Ọlọ́run ló rán yín. Ẹ bá mi wojú àpótí mi, kí n gbé oúnjẹ yìí fún ìyá mi kí n máa bọ̀." Mo ní, "Ẹ má yọnu, comadre. Mo wà níbí." Bí ó ti yà sí kọ̀rọ̀ ni mo súfèé sí Chindo. A da àpò náà sí i, èmi fúnra mi ni mo fi ṣọ́bìrì onígi pò ó, jẹ́jẹ́, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣe é. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó padà, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ó dé, ó ní, "Ẹ ṣé o, compadre, ẹ ò mọ bí ẹ ti ràn mí lọ́wọ́ tó."

Lọ́jọ́ ìgékòkó, èmi ni mo di abẹ náà mú, torí èmi ni agékòkó ẹgbẹ́. Tèmi jáde ní pupa rúsúrúsú bí aásà, inú rẹ̀ là bí odò tó gbẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo to ti Narcisa sínú ihò pákó, mo ti abẹ, mo ṣí i. Àlùkò ló kún ibẹ̀, ó ṣù bí ojú àpá. Misael, tí Narcisa ti dá àpò kòkó àdàlú rẹ̀ padà rí lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ pariwo: "Hà! Adàkòkólú ni ìyá olóṣùwọ̀n wa! Ẹni tó ń yẹ àpò wa wò!" Narcisa mú hóró kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bù ú jẹ, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí mo kó sínú àpótí nìyí. Don Abdón, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìgò mi." Don Abdón yíjú sí mi. Tí mo bá ní kó ṣí i, ọ̀rọ̀ á bàjẹ́ mọ́ mi lórí níbẹ̀. Mo ní, "Ìgò wà fún ìjà oníbàárà. A kì í fi ìgò jà láàárín ìbátan. Comadre, ẹ jẹ́ ká fi ojú àánú wo ara wa." Ẹ wo ẹnu tí mo fi sọ àánú! Àwọn èèyàn ní ọgbọ́n ni mo sọ. Wọ́n gbé ìgò náà padà sórí pẹpẹ.

Ẹ̀yin ń rò pé èyí ló burú jù. Ó kù. Ní Guayaquil, wọ́n mú wa jókòó sí yàrá kan tí ẹ̀rọ ń fẹ́ òtútù sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju Yadira lọ. Ọmọkùnrin kan dìde fún mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yín lẹ sìn wá?" Mo ní, "Rárá o, èmi gan-an ni ọmọ náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara mi balẹ̀. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ni Ẹnjiníà Mireya Palau, obìnrin kúkúrú kan tí kì í yára rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Don Eleuterio, àwọn ojúgbà yín ti ń ronú ìsinmi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí lẹ fẹ́ kàwé?" Mo ní, "Ẹnjiníà, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi mọ bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń tà á lówó pọ́ọ́kú." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé àpótí onífóòmù fún wọn, mo fi ọwọ́ yàwòrán rẹ̀ sórí tábìlì. Àwọn olùkọ́ méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sún àga wọn síwájú. Mo rí i lójú wọn pé àyè ti fẹ́ di tèmi. Ni Ẹnjiníà bá ní, "Ẹ sọ àṣìṣe kan tó dùn yín jù lẹ́nu iṣẹ́, àti ohun tí ẹ fi kọ́." Mo ti pèsè ìdáhùn kan sílẹ̀ láti ilé, ti ẹ̀rọ omi kan tí mo jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ láìsí omi títí ó fi jóná. Ó kéré lójú mi. Àwọn ọmọ tó wọlé ṣáájú mi ti ní àṣìṣe ńláńlá, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ńláńlá. Ìyìn ti ń pa mí bí ọtí. Mo ní, "A ní obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó da kòkó lú kí àpótí rẹ̀ lè kún. Àṣìṣe mi ni pé mo gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Àmọ́ mi ò jẹ́ kí wọ́n lé e. Mo bo ìtìjú rẹ̀, mo sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́."

Ẹnjiníà gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Obìnrin ìdí òṣùwọ̀n? Ṣé Narcisa Cercado ni?" Mo na ọwọ́ sí ife omi. Ó ní, "Ó yà mí lẹ́nu. Obìnrin yẹn wá síbí lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín. Ó ní ẹnì kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò parí girama, tí ìtìjú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó béèrè, ṣé ìyẹn á dí i lọ́nà? Mo bi í pé ṣé òun náà kò sí nínú ìdíje ni. Ó ní, 'Mo ń díje, mo sì fẹ́ borí rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ àpótí ni kó jẹ́ kí n borí rẹ̀, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.' Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà lè dípò ìwé girama." Gbogbo rẹ̀ wá já síbì kan lọ́kàn mi: bọ́ọ̀sì, bàtà ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ abẹ́ máńgòrò, ìbéèrè tó bi Yadira. Kò sí kòtò kankan. Èmi nìkan ló ń gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní àyè nígbà náà. Títí dé ìṣẹ́jú yẹn, mo lè ní ìfura ló tàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo ti mọ̀. Àwọn mẹ́ta jókòó níwájú mi, wọ́n ń dúró. Mo gbé omi tútù mu, mo ní, "Òun náà ni. Èèyàn dáadáa ni. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí." Wọ́n mi orí. Ẹnjiníà ní ọkàn ńlá ni mo ní. Wọ́n gbà mí. Gbólóhùn yẹn ló burú ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé lọ, kò sì gùn ju kí èèyàn mí èémí kan lọ.

Mo kàwé, mo jáde, ẹ fi mí ṣe mánijà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ya kòkó méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń san owó tó pé fún àbáláyé lójú ẹsẹ̀. Ẹ yìn mí. Ẹni tó ni èrò náà ti wà ní èbúté nígbà yẹn, ó ń ta bolón fún àwọn awakọ̀ ojú omi, nítorí kò sí àgbẹ̀ tó gbà kí adàkòkólú wọn kòkó òun mọ́. Tí a bá pàdé, á ní, "Compadre, ẹ káàárọ̀," èmi á sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀, bóyá ó ń dẹ mí. Ẹni tó bá ti da nǹkan lú rí, gbogbo oúnjẹ ayé ló ń fi ahọ́n tọ́ wò kí ó tó gbé e mì. Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ tún ní agbára láti rán ẹnì kan lọ. Narcisa wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó jókòó sí etí àga. Mo ronú pé ó ti dé nìyẹn, ó fẹ́ kò mí lójú. Ó ní, "Compadre, mo ti dàgbà jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún nawọ́. Wọ́n ní wọ́n máa ń béèrè àṣìṣe èèyàn níbẹ̀. Ẹ kọ́ mi bí n ó ṣe dáhùn. Gbogbo ayé mọ àṣìṣe tèmi, àmọ́ èmi alára ò mọ bí mo ti ṣe é. Mo ti rò ó títí. Bóyá mo gba àpò kan lọ́wọ́ ẹnì kan láìwò ó. Bóyá ojú mi ti ń kú nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ là á, kí lẹ rò pé mo ṣe?" Obìnrin náà ti gbà fún wọn pé òun ló ṣe é. Mo gba àyè rẹ̀, mo gba orúkọ rẹ̀, ìgbàgbọ́ tó ní nínú ọwọ́ ara rẹ̀ náà ni mo tún gbà. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Bí mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ nìyẹn, tí ìgò wà lọ́wọ́ mi. Ẹ sì rí bí ìfura ti rí: wọn ò gbà mí gbọ́. Misael ní, "Kí lobìnrin yìí fún ọ jẹ nínú bolón?" Ẹlòmíràn ní, "Opó ni obìnrin náà o, ẹ ò rí i pé Don Tello fẹ́ fẹ́ ẹ!" Ìyàwó mi tó jókòó síwájú dá a lóhùn pé, "Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ṣé iwájú èmi ni ì bá ti sọ ọ́, ìwọ aláìgbọ́n?" Àwọn kan ní àìsàn ló ń ṣe mí, dókítà ti sọ nǹkan fún mi. Mo pe Chindo. Chindo ní, "Èmi kẹ̀? Bọ́ọ̀lù ni mo ń wò lọ́jọ́ náà!" Don Abdón wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló gba góòlù wọlé?" Chindo la ẹnu, kò sí orúkọ tó jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò tó. Ni mo bá ní, "A kì í fi ẹnu jà tí àpótí bá wà. Don Abdón, ẹ wo òǹtẹ̀ yín. Ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ bù kí n tó da kòkó pupa sí i nìyí." Bàbá náà gbé jígí sójú, ó fi àtàǹpàkò nu ìda náà, ó ní, "Tèmi ni. Kò já." Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò ti fọ́ ìgò náà láti ọjọ́ yìí, èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà kan rí láti dà á sódò. Mo mi ìgò náà, mo gbọ́ ketekete bí hóró rẹ̀ ti ń dún bí kòkó tó gbẹ dáadáa, ọwọ́ mi kò sì gbà á. Iṣẹ́ rere ni. Mo gbé e padà. Ìwọ̀nba ohun tó kù nínú mi tí mi ò tà nìyẹn.

Don Abdón fi ọ̀bẹ tú ìda náà. Mo to hóró náà sínú ihò pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti abẹ. Kí n tó ṣí i, mo wo Narcisa. Kò wò mí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Mo ṣí pákó náà. Pupa rúsúrúsú bí aásà ni gbogbo rẹ̀, láti ihò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Inú wọn là yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó dára ju tèmi ọjọ́ yẹn lọ. Kò sí àlùkò kan. Misael dìde, ó wá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Òdòdó," ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ṣí fìlà. Narcisa mú hóró kan, ó bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọkún. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní ẹ̀tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ ń wá bá mi pé kí n kọ́ yín bí a ti ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ má bẹ̀rù irun funfun yín, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe, ẹ sọ ọ́ bó ti rí. Tí wọ́n bá dé ibi àṣìṣe, kí ó jẹ́ tiyín, kí ó sì jẹ́ òótọ́, bó tilẹ̀ máa gba àyè náà lọ́wọ́ yín. Tí ọkàn yín bá sì ń sọ fún yín pé ẹnì kan ń gbẹ́ kòtò, ẹ lọ bi í léèrè ní gbangba kí ẹ tó mú ṣọ́bìrì. Mo ti gba Guayaquil lọ fúnra mi, mo sọ fún Ẹnjiníà Palau ohun tí mo ṣe. Kò sọ mọ́ pé ọkàn ńlá ni mo ní. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kí n jáde. Ẹgbẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, wọ́n dá mi padà sídìí àpótí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ èyí, tí ọwọ́ mi ń rùn kíkan. Chindo kò gbé kòkó fún wa mọ́.

Wọ́n gba Narcisa. Ó ní nígbà tí wọ́n bi òun ní àṣìṣe òun, òun dáhùn pé òun gba ohun tí àwọn èèyàn sọ gbọ́ ju ohun tí ọwọ́ òun mọ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó gba ibi àpótí kọjá pẹ̀lú báàgì rẹ̀, bàtà ọjọ́ Àìkú ló wọ̀. Ó ti ń bo kòkó padà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ ìgò, àpótí rẹ̀ kan sì kù tí kò tíì kan tán. Mo gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo ní, "Comadre, ẹ fọkàn balẹ̀, màá bá yín wò ó." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti ní kí Misael bá mi wò ó." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Don Eleuterio," ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ohun tí òtítọ́ mi jèrè nìyẹn: ó fún un ní àyè rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀; ó fún èmi ní ṣọ́bìrì onígi kan, àti orúkọ mi lódindi.